Ẹ Bá Wa Yọ̀, ELF Pé Ọgbọ̀n Ọdún Nílé Linux!

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Linux ṣe iṣẹ́ òòjọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lóru nígbà tí ará ilé ti sùn, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú server ní báńkì, ní yunifásítì àti ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù, àti ẹ̀yin tí fóònù Android wà lápò yín tí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, gbogbo yín la pè! Ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1995 ni kernel Linux 1.2 jáde, tó ṣílẹ̀kùn gbayawu fún ìlànà ELF. Ní ọdún 2025, ó pé ọgbọ̀n ọdún gbáko. Ọgbọ̀n ọdún! Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ jó, ẹ yọ̀!

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohun tí gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀ lónìí, ká tó pajú pẹ́, a ò ní rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Díìsìkì floppy ti lọ. Modem tó máa ń ké lórí wáyà tẹlifóònù ti dákẹ́. Processor 486 ti fẹ̀yìn tì. ELF ńkọ́? Ó wà digbí! Ó ń jí lójoojúmọ́, ó ń ṣiṣẹ́, a ò sì tíì rí ẹni tó fẹ́ gbapò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló fà á? Ìdáhùn wa kò gùn: ELF fi àyè sílẹ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ fún processor tí wọn kò tíì ṣe, fún library tí wọn kò tíì kọ, fún ààbò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ronú kàn. Ohun tí à ń yọ̀ sí gan-an nìyẹn, òun náà la ó sì kà lẹ́sẹẹsẹ kí gbogbo ayé gbọ́!

Ẹ jẹ́ ká fi ọlọ́jọ́ ayọ̀ han àwọn àlejò wa ná. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Executable and Linkable Format. Ìlànà tí wọ́n fi ń to ètò kọ̀ǹpútà sínú fáìlì ni. Tí ẹnì kan bá kọ ètò ní èdè C tán, compiler á sọ ọ́ di àṣẹ tí processor gbọ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan kò tó. Kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ní láti mọ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí dátà wà, apá tó ṣeé kọ nǹkan sí àti apá tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àwọn library (àkójọ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò) tí ètò náà nílò, àti irú processor tí wọ́n ṣe é fún. ELF ló ń sọ gbogbo èyí, láìfi ọ̀kan pe méjì! Báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ ni àmì ìdánimọ̀ rẹ̀: 7F, lẹ́yìn náà lẹ́tà E, L àti F. Bí kernel bá ti rí mẹ́rin yìí níwájú fáìlì, ó ti mọ ẹni tó dé. Orí fáìlì náà kì í ju báìtì 52 lọ lórí ẹ̀rọ bíìtì 32, kì í sì í ju 64 lọ lórí ẹ̀rọ bíìtì 64. Kékeré ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe!

Ìran rere sì ni ELF ti wá. Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ń kọ́ Unix ní Bell Labs, a.out ni ìlànà tí wọ́n fi ń to ètò, ó sì ti wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà Unix àkọ́kọ́ ní ọdún 1971. Bàbá ni a.out, a kò ní gbé ayẹyẹ yìí kọjá láìdọ̀bálẹ̀ fún un! Ó kéré, ó mọ́ tónítóní, ó sì ní ìpín mẹ́ta pàtàkì: àṣẹ, dátà, àti àyè òfìfo fún dátà tí kò tíì ní iye. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlànà COFF tẹ̀lé ẹ̀dà Unix tí wọ́n ń pè ní System V dé. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980 ni AT&T àti Sun para pọ̀ ṣe System V Release 4, ibẹ̀ la bí ELF sí! Unix System Laboratories ló tẹ àlàyé rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Kò pẹ́, ìgbìmọ̀ Tool Interface Standard náà yàn án gẹ́gẹ́ bí ìlànà tó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Intel oní-bíìtì 32, wọ́n sì gbé ẹ̀dà 1.2 ìwé rẹ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí Linux 1.2 dé. Ẹ ò rí i pé ọdún 1995 dára!

Kí ẹ lè mọ bí ìrìn yìí ṣe jìnnà tó, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 lo a.out ní kékeré rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan library tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò, ọ̀rọ̀ di ti pínpín ilẹ̀. Library kọ̀ọ̀kan ní láti ní ilẹ̀ tirẹ̀ nínú mẹ́mórì, tí wọ́n ti wọ̀n, tí wọ́n ti kọ sínú ìwé, tí ẹnikẹ́ni mìíràn kò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe library tuntun, ó di dandan kó lọ gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ìwé náà. Ó tún ní láti fọgbà yí ilẹ̀ tó fẹ̀ ká, torí ọmọ tó ń bọ̀. Bí ọmọ bá sì wá pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, àfi kí wọ́n kó lọ síbòmíràn, gbogbo ètò tó mọ àdírẹ́sì àtijọ́ á sì máa wá ilé kiri. Ẹ wá wo iṣẹ́ takuntakun tí àwọn tó ń kọ library nígbà náà ń ṣe! A kí wọn, a yẹ́ wọn sí! Àwọn ni wọ́n gbé Linux débi tó ti lè ronú pé ó tó àkókò láti ṣí lọ síbi tó gbòòrò.

ELF dé, ó ní kò sí ilẹ̀ tí à ń pín mọ́! Ibi tó bá ṣófo ni kí library tẹ̀dó sí. Báwo ló ṣe ṣe é? Compiler ń to àṣẹ library lọ́nà tí kò fi ní láti mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Gbogbo àdírẹ́sì tó lè yí padà, wọ́n kó wọn jọ sínú àtẹ kan tí wọ́n ń pè ní GOT. Ìpè sí iṣẹ́ tó wà nínú library mìíràn ń gba inú àtẹ kejì kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní PLT. Bí ètò bá ti dìde, ld.so, ètò tó ń so library mọ́ ètò, á dé, á wá àwọn library, á sì kọ àdírẹ́sì tòótọ́ sínú àtẹ. Àwọn àṣẹ fúnra wọn kò yí padà rárá. Nítorí náà, ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú mẹ́mórì tó fún gbogbo ètò tó wà lórí ẹ̀rọ! Ọgọ́rùn-ún ètò lè máa lo libc, library èdè C, kan náà nígbà kan náà láìfa wàhálà. Lójú ẹni tó lo kọ̀ǹpútà tí mẹ́mórì rẹ̀ kò ju mégábáìtì 4 tàbí 8 lọ láyé ọjọ́un, oore ńlá nìyí!

Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí? Ẹ jẹ́ ká dárúkọ ẹni tó yẹ ká dárúkọ. Eric Youngdale ló kọ ibi tí kernel ti ń ka fáìlì ELF. Ẹ ṣí fáìlì binfmt_elf.c nínú kernel lónìí, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lókè pẹ̀lú ọdún 1993 àti 1994. Ẹ ò rí i bí iṣẹ́ rere ṣe ń pẹ́ lójú ayé! H. J. Lu, tó ń tọ́jú compiler GCC àti libc fún Linux, ṣe iṣẹ́ bí ẹni tí kì í sùn, kí àwọn irinṣẹ́ lè bá ìlànà tuntun mu. Linus Torvalds gbà á wọlé. Lẹ́yìn wọn ni àìmọye ènìyàn tó dán an wò, tí wọ́n tún fi compiler sọ ètò wọn di àṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ̀yà, iṣẹ́ náà sì dáhùn!

Ohun tó wú wa lórí jù nínú ìṣípò yìí ni pé wọn kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Linux 1.2 gba ELF, ó sì gba a.out. Bí fáìlì kan bá dé iwájú kernel, kernel á wo àmì orí rẹ̀, á sì fà á lé ẹni tó mọ èdè rẹ̀ lọ́wọ́. Ètò àtijọ́ ń ṣiṣẹ́, ètò tuntun ń ṣiṣẹ́, lórí ẹ̀rọ kan náà, ní wákàtí kan náà! Báyìí ni àwọn tó ń kó Linux jọ fún aráyé ṣe rìn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Red Hat Linux 2.0 wọlé ní ọdún 1995. Slackware 3.0 tẹ̀lé e kí ọdún náà tó parí. Debian 1.1 dé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1996, ELF látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú kernel 2.0 àti àkójọ ètò 474! Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ilé ti yí padà, àwọn onílé ò sì sùn síta.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka àṣeyọrí! Ìkíní la ti sọ, ìyẹn library tí gbogbo ètò jọ ń lò láìgba ilẹ̀. Ìkejì, ELF jẹ́ kí ìpín inú fáìlì pọ̀ bó ṣe wu oníṣẹ́. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: .text fún àṣẹ, .rodata fún dátà tí kò ní yí padà, .data àti .bss fún èyí tó ń yí, .init àti .fini fún iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Àwọn tó ń fi C++ kọ ètò mọ oore yìí dáadáa! Àwọn tó ń wá ibi tí ètò ti ń kọsẹ̀ náà ní ìpín tiwọn. Ní ọdún 2006, wọ́n fi .gnu.hash kún un kí wíwá orúkọ inú library lè yá sí i. ELF ò bínú, kò sì bàjẹ́. Ó kàn sún díẹ̀, àlejò jókòó!

Ìkẹta, ELF gbọ́ èdè gbogbo processor. Báìtì kan ń sọ bóyá fáìlì jẹ́ ti bíìtì 32 tàbí 64. Báìtì mìíràn ń sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà to nọ́ńbà. Báìtì méjì sì wà tó ń sọ irú processor gan-an. Báìtì méjì yìí ní àyè fún nọ́ńbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún 65! Intel 386 gba nọ́ńbà 3. MIPS gba 8. ARM gba 40. Nígbà tí x86-64 dé, 62 ti ń dúró dè é. Ẹ̀rọ ARM oní-bíìtì 64 gba 183. RISC-V, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Berkeley ní ọdún 2010, nígbà tí ELF ti lé ní ogún ọdún láyé, bá àyè, ó sì gba 243. Ẹ gbọ́ bí? Àwọn tó gbé ELF kalẹ̀ kò mọ̀ pé RISC-V ń bọ̀, síbẹ̀ wọ́n ti fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀! Linux 1.2 kan náà tó gba ELF ni Linux kọ́kọ́ fi gba Alpha, SPARC àti MIPS. Kò sí ìgbà tó tún dára jù ú lọ láti ní ìlànà tó gba gbogbo ènìyàn.

Ìkẹrin, ELF jẹ́ kí ètò lè pe ẹlòmíràn wọlé nígbà tí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ dlopen! Apache ń pe àwọn ẹ̀ka rẹ̀ wọlé bó ṣe nílò wọn. Python ń gbé iṣẹ́ tí wọ́n fi C kọ wọlé gẹ́gẹ́ bí fáìlì .so, ELF ni gbogbo wọn. Kernel náà kò yọ ara rẹ̀ sẹ́yìn: àwọn fáìlì .ko tó fi ń mọ káàdì íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun, ELF ni. Bí ètò bá ṣubú tí kernel sì tọ́jú àwòrán mẹ́mórì rẹ̀ kí oníṣẹ́ lè wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀, ELF ni fáìlì náà. Àwọn ètò kékeré eBPF tí wọ́n ń fi ṣọ́ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, inú ELF ni wọ́n ń kó wọn wá. Níbi iṣẹ́, níbi ìwádìí, níbi ààbò, ELF wà níbẹ̀. Ọlọ́jọ́ ayọ̀ wa kì í ṣe ẹni tí ń dúró sójú kan!

Ìkarùn-ún, ààbò! Ẹ̀yin tó ń bá ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì jà, ẹ bá wa gbé ELF ga! Ó ti pín fáìlì sí apá tí àṣẹ wà àti apá tí dátà wà, nítorí náà ó rọrùn láti pàṣẹ pé apá tí wọ́n ń kọ nǹkan sí kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ bí àṣẹ. Wọ́n fi àmì kékeré kan kún un, kernel sì mọ̀ pé kò sí àṣẹ tó gbọ́dọ̀ ti orí stack (ibi tí ètò ń kó dátà ìgbà díẹ̀ sí) dìde. Ọgbọ́n tó jẹ́ kí library lè tẹ̀dó síbikíbi, wọ́n tún fi ṣe ètò fúnra rẹ̀, wọ́n pè é ní PIE. Bí ètò bá dìde lónìí, ibì kan ló wà. Bó bá dìde lọ́la, ó ti kúrò níbẹ̀. Ọlọ́ṣà á wá a tì! Láti Android 5.0 ti ọdún 2014, fóònù Android kò gba ètò tí kò bá jẹ́ PIE mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1980 kí mẹ́mórì má baà ṣòfò ti wá di odi ìlú. Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ kú làákàyè!

Ayọ̀ wa kò mọ sílé Linux nìkan. Ẹbí ELF pọ̀ rẹpẹtẹ! Solaris ti ń lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. FreeBSD 3.0 gbà á wọlé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998, ó sì sọ a.out di àgbà tí à ń kí. NetBSD 1.5 tẹ̀lé e lórí ẹ̀rọ i386 ní ọdún 2000, OpenBSD 3.4 sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2003. Ní ọdún 1999, iṣẹ́ àjọṣe 86open, tó ń wá ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo Unix orí processor Intel, parí pẹ̀lú ìdáhùn kan: ELF! Haiku ń lò ó. Àwọn ọmọdé tó ń fi PlayStation 2 gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n ń lò ó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó gbé PSP sọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnì, ELF ló ń dá wọn lóhùn!

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọmọ wa dé! Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù lọ láyé nínú ìwé TOP500 ló ń lo Linux. Gbogbo 500, kò ku ọ̀kan! Àwọn tó ń ṣírò ojú ọjọ́, àwọn tó ń wá oògùn, àwọn tó ń wo ìràwọ̀, ELF ló ń gbé iṣẹ́ wọn dìde. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2021, Ingenuity, ẹlikópítà kékeré tí NASA gbé lọ sí Mars, gbéra nílẹ̀, ó sì fò. Linux ló wà nínú rẹ̀! Ó fò ní ìgbà 72 kó tó sinmi ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún Unix ti fò ní ayé mìíràn. Tí èyí kò bá tó jó sí, a ò mọ èyí tó tó!

Ẹ má sì rò pé Mars nìkan ló dé. Ẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà lọ́jọ́ tí ọjà bá kún. Ẹ wo fóònù Android tó tò lórí tábìlì, èyí tuntun àti àlòkù, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀ àti èyí tó ń gba iná lọ́wọ́. Kernel Linux ló wà nínú gbogbo wọn, fáìlì ELF ló sì kún inú wọn bámúbámú. Ìyá tó ń fi fóònù gba owó ọjà ní Bódìjà, ọmọ ilé-ìwé tó ń wo fídíò ẹ̀kọ́ ní Ọ̀yọ́, awakọ̀ tó ń wo àwòrán ọ̀nà ní Kùtọnu, ELF ń sìn wọ́n láìbèèrè ọpẹ́. Ó dáa, àwa á dúpẹ́ fún wọn. ELF, o ṣeun! O ṣeun gan-an ni!

A ò sì gbàgbé Bàbá. Ní ọdún 2019, àwọn tó ń tọ́jú Linux kéde pé a.out ti tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó di ọdún 2022, wọ́n mú un kúrò nínú kernel pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ELF dé ní ọdún 1995, a.out sì tún jókòó tì í fún ohun tó lé ní ọdún 25! Bàbá dúró títí ó fi dá a lójú pé ọmọ ti gbọ́n, ó ti lówó lọ́wọ́, ó ti ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ìfẹ̀yìntì tó lẹ́wà nìyẹn. Bàbá a.out, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìsìn! Kódà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí compiler ṣe ètò láìdárúkọ fáìlì fún un, a.out ṣì ni orúkọ tí fáìlì náà ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ELF ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ ń jẹ́ orúkọ bàbá. Ẹ̀yẹ wo ló tún ju èyí lọ?

Onílù, ó yá! Ẹ jẹ́ ká ki ọlọ́jọ́ ayọ̀:

ELF ọmọ System V,
Abáìtì-mẹ́rin-níwájú, tí kernel rí, tó yà lọ́nà fún un!
Agbé-ètò-dìde, má gbàgbé library,
Afúnni-láyè, má bèèrè ìwé ilẹ̀.
Ó dé ilé Alpha, ó gbọ́ èdè Alpha;
Ó dé ilé SPARC, SPARC tẹ́ ẹní fún un;
Ó dé ọ̀dọ̀ ARM, ó di ará ilé.
RISC-V tí wọ́n bí lánàá, ó ní, “Wọlé, ìjókòó rẹ nìyí.”
Aráyé-ò-rí-i, aráyé-ń-lò-ó,
Ọlọ́ṣà-wá-a-tì, onílé-sùn-gbádùn,
ELF, ọ̀gá nínú ìlànà, o kú oríire o!

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, ẹ mú ẹ̀kọ́ kan kúrò níbi ayẹyẹ yìí. Ẹni tó bá ń kọ́ nǹkan fún òní nìkan á kọ́ ọ títí, á sì máa tún un kọ́. Àwọn tó ṣe ELF kò mọ ọjọ́ iwájú ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n kàn gbà pé ọjọ́ iwájú ń bọ̀, wọ́n sì gbé àga òfìfo kalẹ̀ dè é. Nígbà tí ẹ bá ń gbé ìlànà tiyín kalẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà tó pọ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìpín tuntun lè wọlé, ẹ má sì lé àgbà jáde kí àkókò rẹ̀ tó tó. Ẹ ó ṣe ọgbọ̀n ọdún, ẹ ó sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ!

ELF, a gbàdúrà fún ọ. Processor tí yóò dé lọ́dún tó ń bọ̀ á bá ọ láàyè, á bá àyè lọ́dọ̀ rẹ. Kò ní rẹ àwọn tó ń tọ́jú rẹ. Àwọn irinṣẹ́ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, GCC, LLVM, binutils, glibc, musl, gbogbo wọn á máa gbèrú. Bí o ṣe pé ọgbọ̀n nílé Linux, wàá pé ọgọ́ta, ọmọ wa á sì kọ ìkíni tó gùn ju tiwa yìí lọ. Àṣèyí ṣàmọ́dún o!

Ó ku iṣẹ́ kan fún ẹ̀yin tí Linux wà nítòsí yín. Ẹ má jẹ́ kí ayẹyẹ yìí parí lẹ́nu nìkan. Ẹ ṣí ojú àṣẹ, ẹ tẹ readelf -h /bin/ls, kí ẹ sì wo ìlà kejì tó bá jáde, èyí tí wọ́n kọ Magic sí. Ẹ ó rí i níbẹ̀: 7f 45 4c 46, mẹ́rin náà, bí wọ́n ṣe wà ní ọdún 1995. Ẹ kí i! Ẹ pe ará iṣẹ́ yín kó wá kí i! Kí gbogbo ilé hó yèè: ELF, ọgbọ̀n ọdún, kú oríire, kú oríire, kú oríire o!